Àwọn Oníṣòwò Ń Pín Èrè, Àwọn Oníbàárà Ń Jà

Bí ọ̀dọ́ mẹ́ta bá péjọ lóde òní, ì báà jẹ́ ní ìdíkọ̀, ní ọgbà yunifásítì tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun Alásárì, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fóònù fi ń wọlé. Èyí tí ó mú iPhone lọ́wọ́ yóò máa wo èyí tí ó mú Samsung bí ará oko tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú. Èyí tí ó mú Samsung yóò fèsì pé orúkọ lásán ni ẹnì kejì òun fowó rà, pé ohun tí fóònù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe lónìí, ti òun ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnì kẹta tí ó mú Tecno yóò rọra ti tirẹ̀ bọ àpò kí wọ́n má baà dójú tì í. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àwàdà yóò di yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ yóò di èébú, èébú yóò sì di ìbínú tí ń gbé ọ̀rẹ́ méjì dìde lórí ẹní kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbèjà. Kò sí ohun tí ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ nípa rẹ̀ ju owó tí ó san lọ. Bí bátìrì fóònù rẹ̀ bá kú lọ́la, kò sí ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà lánàá. Síbẹ̀, ó ń jà bí ẹni tí ń gbèjà ilé bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ gbọ́ yékéyéké lórí àlámọ̀rí yìí. Àwọn tí wọ́n ń ṣe fóònù kò sí lójú ogun. Òwò ni wọ́n ń ṣe. Àwọn oníbàárà ni wọ́n sọ òwò náà di ogun, àwọn náà nìkan ni wọ́n sì ń san owó ogun.

TA NI Ó Ń BÁ TA JÀ?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Apple ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ Samsung ti ilẹ̀ Kòríà Gúúsù lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé Samsung wo iPhone ṣe fóònù tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn tí ilé ẹjọ́ yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí Samsung san owó tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Samsung kò gbà. Ẹjọ́ náà lọ, ó bọ̀, ó dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n tún un dá, wọ́n ní kí Samsung san mílíọ̀nù 539 dọ́là. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, wọn kò sì sọ fún aráyé ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí.

Ní gbogbo ọdún méje yẹn, àwọn olólùfẹ́ ń bú ara wọn káàkiri ayé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ní làákàyè wo ohun tí àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Ọpọlọ tí ó ń mú iPhone ṣiṣẹ́, láti ti àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 2007 títí di ti ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Samsung ni ó ń bá Apple rọ ọ́. Ní ọjọ́ tí adájọ́ ń ka ìdájọ́, àwọn òṣìṣẹ́ Samsung wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara iPhone. Nígbà tí iPhone X sì jáde ní ọdún 2017, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń fi ojú rẹ̀ tí ó mọ́ gaara yangàn, Samsung ni ó ṣe ojú fóònù náà. Ẹni tí ó ń fi ojú iPhone X bú Samsung nígbà náà, iṣẹ́ ọwọ́ Samsung ni ó ń yìn, kò kàn mọ̀ ni.

Àwọn mìíràn á ní ìjà tí ó wà níbẹ̀ ju ti Samsung lọ, pé Android àti iPhone ni ọ̀tá ara wọn gan-an. Google ni ó ni Android. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Google lẹ́jọ́ lórí bí ó ṣe gba gbogbo ọjà ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́wọ́, ìwé ilé ẹjọ́ fi hàn pé ní ọdún 2022 nìkan, bílíọ̀nù 20 dọ́là ni Google san fún Apple. Kí ni ó sanwó fún? Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wá nǹkan nínú Safari tí ó wà lórí iPhone lè kọ́kọ́ bá Google pàdé ni. Ọ̀tá wo ni ó ń kó bílíọ̀nù 20 fún ọ̀tá rẹ̀ láàárín ọdún kan?

Àwọn àgbà ní bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni yóò fara gbá a. Ti ayé òde òní tún yàtọ̀ pátápátá. Àwọn erin ń jẹ lójú kan, wọ́n ń yọ̀, koríko ni ó ń bá koríko jà.

ẸLẸ́YÀ TÍ Ó PADÀ SÍLÉ

Bí ó bá ṣe pé ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní ìwà rere tí èkejì kò ní ni, ìbá tún ṣe é gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn wí?

Ní ọdún 2016, Apple yọ ihò íápíìsì kúrò lára iPhone 7. Samsung fi í ṣe ẹlẹ́yà, ó ṣe ìpolówó tí ó fi ń bú ẹni tí ó ra fóònù tí kò ní ihò. Inú àwọn olólùfẹ́ Samsung dùn, wọ́n tan ìpolówó náà kálẹ̀ bí ẹni tí ó rí wáàsí tuntun. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún 2019, Samsung gbé Galaxy Note 10 jáde, kò sí ihò íápíìsì lára rẹ̀. Ìpolówó ẹlẹ́yà náà sì pòórá níbi tí ilé-iṣẹ́ náà gbé e sí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Apple yọ ṣájà kúrò nínú páálí iPhone 12, ó ní nítorí kí ilẹ̀ ayé má baà kún fún pàǹtí ni. Samsung tún bẹ́ jáde, ó ń fọ́nnu pé ṣájà wà nínú páálí tòun. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, ní oṣù kìíní ọdún 2021, Galaxy S21 dé, páálí rẹ̀ kò ní ṣájà. Ìfọ́nnu náà ti pòórá pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n fi ọ̀rẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún 2020 wá rí i ní ọdún 2021 pé ara wọn ni wọ́n ti bú. Kò sí èyí tí wọ́n dá owó ṣájà padà fún nínú àwọn oníbàárà méjèèjì.

Ti ilẹ̀ Ítálì tún le ju èyí lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àjọ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdíje àti ààbò oníbàárà níbẹ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 yúrò lé Apple, ó bu mílíọ̀nù 5 yúrò lé Samsung, ní ọjọ́ kan náà. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn jọra: àwọn méjèèjì ń rọ àwọn tí wọ́n ní fóònù àtijọ́ lọ́wọ́ pé kí wọ́n gba àtúnṣe tuntun sórí rẹ̀, àtúnṣe náà sì ń sọ fóònù di onílọ̀ọ́ra. Nínú ẹjọ́ yìí, kò sí olólùfẹ́ tí ó lè na ìka sí ẹnì kejì. Bí ẹni tí ó ra ti Amẹ́ríkà ṣe jìyà ni ẹni tí ó ra ti Kòríà ṣe jìyà.

ILÉ KAN, ILẸ̀KÙN MẸ́TA

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyẹn, pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yorùbá kò ní owó iPhone, wọn kò sì ní ti Samsung ńlá. Òtítọ́ ni. Tecno, Infinix àti itel ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ìyá ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ìjà náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Oní-Infinix ń sọ pé àgbà ọkùnrin ni ó ń lo Tecno, oní-Tecno ń sọ pé fóònù ọmọdé ni Infinix, àwọn méjèèjì sì ń fi oní-itel ṣe ẹ̀sín.

Kí gbogbo wọn fetí sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Transsion ni orúkọ rẹ̀, ìlú Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó sì ti ń ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní ọjà Shanghai láti ọdún 2019. Ẹni tí ó bá ṣiyèméjì kí ó ronú ibi tí wọ́n ń gbé fóònù wọ̀nyí lọ fún àtúnṣe bí ó bá bàjẹ́. Carlcare ni oní-Tecno ń gbé tirẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni oní-Infinix ń lọ, ibẹ̀ náà ni oní-itel ń lọ. Wọ́n á jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á jọ máa dúró de òṣìṣẹ́ kan náà. Bàbá kan ni ó bí ọmọ mẹ́ta tí ó fi ọjà tà ní ìsọ̀ mẹ́ta. Àwọn tí ń rajà níwájú ìsọ̀ wá ń bá ara wọn jà lórí ọmọ tí ó sunwọ̀n jù, owó gbogbo wọn sì ń bọ́ sínú àpò bàbá kan ṣoṣo.

Ǹjẹ́ kì í ṣe ìtìjú ni kí ọmọ ìyá méjì yan ara wọn lódì nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

OWÓ OGUN

Ẹ wo ohun tí ìjà yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń jà á.

Ó ń gba owó. Ọ̀dọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ju ohun tí yóò fi jẹun lọ yóò lọ yá owó, tàbí kí ó fi owó tí ó yẹ kí ó fi ra irinṣẹ́ ra iPhone tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú tán. Ìdajì owó náà ìbá ra fóònù tuntun tí yóò ṣe gbogbo ohun tí ó nílò. Ó wá di ẹni tí ń gbé fóònù lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó ń gbé páwà báǹkì lọ́wọ́ òsì, tí kò sì ní owó ìpè tí yóò fi béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀.

Ó ń gba ara pàápàá. Ní ọdún 2011, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ilẹ̀ Ṣáínà jẹ́ kí wọ́n la òun níkùn, ó ta kíndìnrín rẹ̀ kan, ó fi nínú owó náà ra iPhone àti iPad. Ara rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ìjọba mú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ibi náà, wọ́n dá ẹjọ́ fún wọn ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè dá kíndìnrín padà. Ó ti pẹ́ tí fóònù tí ó tìtorí rẹ̀ ta ara rẹ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní mú bí wọ́n bá fi í tọrẹ.

Ó ń gba iyì ọmọlàkejì. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹni tí ó ní iPhone bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oní-iPhone bíi tirẹ̀, àwọ̀ búlúù ni yóò bá a jáde. Bí ó bá jẹ́ sí oní-Android ni, àwọ̀ ewé ni. Nítorí àwọ̀ yìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń yọ ẹgbẹ́ wọn kúrò nínú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà nínú ìwé ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pe Apple lẹ́jọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2024.

Èyí tí ó burú jù ni pé ó ń gba òtítọ́ lẹ́nu èèyàn. Àwọn Lárúbáwá ní orúkọ kan fún ìwà yìí, wọ́n ń pè é ní asabiyyah: kí èèyàn wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, yálà wọ́n jàre tàbí wọ́n jẹ̀bi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, Samsung fúnra rẹ̀ ké sí àwọn tí wọ́n ra Galaxy Note 7 kí wọ́n dá a padà nítorí pé ó ń gbiná. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, ó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù, láìsọ fún àwọn tí wọ́n ni ín. Ní ọdún 2020, ó gbà láti san owó tí ó tó mílíọ̀nù 500 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n ṣe fóònù jẹ́wọ́ àṣìṣe wọn, olólùfẹ́ sì ń bá wọn wá àwáwí. Ẹni tí ó ti kọ́ ahọ́n rẹ̀ láti máa gbèjà irọ́ lórí fóònù, ẹ̀rù ohun tí yóò máa gbèjà lọ́la yẹ kí ó máa ba àwọn òbí rẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI JÀ RÍ

Kì í ṣe ìjà yìí ni àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń lo fóònù ní ogún ọdún sẹ́yìn rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé Nokia ni Nokia ń jẹ́, tí ẹni tí ó mú fóònù mìíràn jẹ́ ẹni àmúṣẹ̀sín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Nokia ta iṣẹ́ fóònù rẹ̀ fún Microsoft. Àwọn mìíràn rántí BlackBerry, tí ọmọge àti ọmọkùnrin ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè orúkọ ara wọn, tí ẹni tí kò ní in kò sì ní ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà pa ìpèsè tí ó ń gbé àwọn BlackBerry àtijọ́ ró. Ní ọdún 2021, LG ti kọ́kọ́ palẹ̀ iṣẹ́ fóònù rẹ̀ mọ́.

Àwọn tí wọ́n bá ọ̀rẹ́ wọn jà nítorí BlackBerry, níbo ni èrè ìjà wọn wà? Ilé-iṣẹ́ náà ti bá tirẹ̀ lọ, fóònù náà wà nínú àpótí láàárín wáyà tí ó ti já. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n sọ nù nìkan ni kò sí ní ọjà tí wọ́n tún lè lọ ra.

BÍ WỌ́N BÁ NÍ ÌDÍJE DÁRA

Olólùfẹ́ tí ó gbọ́n díẹ̀ yóò ní: “Ìdíje ni ó ń mú kí ọjà dára, ìjà àwa olólùfẹ́ ni ó ń mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ sáré.” Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún méje fún fóònù Pixel 8 rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 2024, Samsung ṣe irú ìlérí kan náà fún Galaxy S24. Èrè ìdíje nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ba Samsung lẹ́rù? Ẹni tí ó lè kọ̀yìn sí i, kí ó lọ rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Ẹni tí ó ti búra pé ti Samsung ni òun títí ayé, ta ni yóò ṣe wàhálà nítorí rẹ̀? Ìyá alákàrà kì í fi èènì fún oníbàárà tí kò lè lọ síbòmíràn. Olólùfẹ́ tí kò lè kúrò ti sọ ara rẹ̀ di ìwọ̀fà, kò ní ẹnu ìdúnàádúrà mọ́. Òun gan-an ni ó ń pa ìdíje tí ó ní òun ń gbèjà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ihò ṣájà. Ní ọdún 2012, iPhone tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo ihò mìíràn tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí ṣájà fóònù mìíràn kò lè wọ̀ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn olólùfẹ́ fi ń jiyàn lórí rẹ̀, èébú wọn kò yí ohunkóhun padà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ Yúróòpù dìbò, àwọn 602 fọwọ́ sí i pé irú ihò kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní USB-C, ni kí gbogbo fóònù tuntun máa lò, ó pẹ́ tán ní òpin ọdún 2024. Àwọn 13 péré ni wọ́n lòdì sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iPhone 15 jáde pẹ̀lú ihò náà. Ní ilẹ̀ Bràsíìlì náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba bu ìtanràn tí ó lé ní mílíọ̀nù 12 owó réàl lé Apple, wọ́n sì ní kí ó má ta iPhone tí kò ní ṣájà nínú páálí mọ́. Àwọn tí wọ́n ronú bí oníbàárà, tí wọ́n sì lo òfin, ni wọ́n rí nǹkan gbà.

OHUN TÍ Ó YẸ Ọ̀DỌ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ má ra fóònù tí ó dára. Bí owó iPhone bá wà, tí ó mọ́, tí kò sì di ìnira fún ará ilé, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó rà á. Kí ẹni tí ó ra itel náà gbé e jáde láàárín àwùjọ láìbojú wẹ̀yìn. Ohun èlò ni fóònù. Ọkọ́ kì í ṣe ẹbí àgbẹ̀. Èyí tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀ dáadáa, tí owó rẹ̀ kò pa àgbẹ̀, ni ó ń mú lọ sóko.

Kí ẹni tí ó fẹ́ rà béèrè ìbéèrè tí ó nílárí. Ọdún mélòó ni wọn yóò fi máa ṣe àtúnṣe sí i? Èló ni bátìrì rẹ̀ bí ó bá kú, ǹjẹ́ a sì lè rí i rà ní ìlú yìí? Ta ni yóò tún un ṣe? Ìwé ẹ̀rí ààbò rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ta ayédèrú tàbí fóònù tí ó ti bàjẹ́ fún un, kí ó má gbà fún kádàrá. Òfin wà ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, òun ni ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó péye. Ohùn tí ẹ fi ń bú ara yín, bí ẹ bá fi í béèrè ẹ̀tọ́ yín pọ̀, yóò dé ibi tí èébú kò lè dé láéláé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ iPhone àti Samsung bá tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́, kí ẹnìkan nínú wọn rántí bílíọ̀nù 20 dọ́là tí ó ti ọwọ́ Google bọ́ sí ọwọ́ Apple. Kí ó rántí ìsọ̀ mẹ́ta tí bàbá kan ṣoṣo ni. Àwọn tí wọ́n ni ọjà ti parí ìjà tiwọn láti oṣù kẹfà ọdún 2018, wọ́n ti padà sídìí òwò. Ó tó àsìkò tí àwọn tí ń rajà yóò parí tiwọn.